Gbèsè Ìkíni Lẹ́nu Iná Gíláàsì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Èmi kì í ṣe oníwàásù, n kò sì ní sọ fún yín pé iṣẹ́ báyìí ló dára tàbí pé iṣẹ́ báyìí ni kò dára. Ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́mọbìnrin títí irun mi fi funfun ni mo fẹ́ ròyìn. Ẹni tó bá rí nǹkan mú nínú rẹ̀, kó mú un. Ẹni tí kò bá rí, ó ṣáà ti bá mi jókòó.

Gíláàsì ni iṣẹ́ mi. Kì í ṣe ti ojú fèrèsé, kì í sì ṣe ife tí a fi ń mu omi. Àwọn ohun èlò tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, àti èyí tí ilé ìwòsàn fi ń sẹ́ omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, àwọn ni à ń ṣe, àwọn ni à ń tún ṣe. A ó mú ọ̀pá gíláàsì, a ó gbé e sẹ́nu iná ṣóńṣó tó ń hó jáde láti ẹnu irin. Yóò rọ̀, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé obìnrin Òmù-Àrán ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣíwọ́ àti máa bá wọn jiyàn.

Mo ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a gba òmìnira. A yan yíká ìlú, a kọrin, bàtà tí mo yá wọ̀ há mi lẹ́sẹ̀, ohun tí mo rántí nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbómìnà tó ń ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya sì kó ẹrù wọn padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀gá mi. Ọmọ Omupo ni, ṣùgbọ́n Òmù-Àrán ló kọ́ ilé iṣẹ́ sí, gbogbo ìlú sì ń pè é ní Bàbá Onígíláàsì. Ọ̀dọ̀ òyìnbó kan ní Zaria ló ti kọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ náà ló ti gbé ìléru tó ń lo iná mànàmáná bọ̀, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan tí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, alàgbà ìjọ sì ni. Ó gbọ́ pé Bàbá Onígíláàsì ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ó sì mú mi lọ. Ọ̀gá bu omi kún abọ́ dé ẹnu, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n dúró. Òun àti bàbá mi jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oko. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ṣàdédé pe orúkọ mi, Àbẹ̀ní. Mo dáhùn, mo yíjú sí i, mo sì fẹ́ kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Omi dà sí mi láyà. Ojú tì mí gan-an, bàbá mi sì ti dìde pé ká máa lọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ní kí n máa bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ó ní gbogbo wọn ló ń da omi náà, pé ẹni tí kò bá dáhùn rárá ni òun kì í gbà, nítorí irú wọn kì í gbọ́ràn.

Kí n sọ ohun tí ìléru wà fún, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Gíláàsì tútù tí a bá ti bọ iná lójijì, ẹ̀yìn rẹ̀ á gbóná, inú rẹ̀ á ṣì tutù, yóò sì fọ́ wẹ́wẹ́. Bó bá nípọn, tàbí tó bá jẹ́ ohun tí a ti lẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ tò ó sínú ìléru, kí gbogbo ara rẹ̀ lè gbóná dọ́gba kó tó fojú kan iná. Tí iṣẹ́ bá parí, inú ìléru kan náà ló ń padà sí, kó lè tutù díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Láàárín ìgbà tó bá jáde àti ìgbà tó bá wọlé padà, ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Ní gbogbo ọdún tí mo kọ́kọ́ lò níbẹ̀, n kò fọwọ́ kan iná. Ìléru ni mo ń tọ́jú. Mo ń to ọ̀pá sínú rẹ̀, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ fara kan èkejì. Láràárọ̀ ni Ọ̀gá máa ń gbóòórùn ọwọ́ wa bóyá a fi jẹ ọbẹ̀ elépo, nítorí epo tó bá kan gíláàsì yóò jóná mọ́ ọn lára, àbààwọ́n náà kò sì ní ṣí mọ́. Ohun tí a fi ń mọ̀ pé ooru ti tó ni okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a gbé dábùú orí òkúta méjì nínú ìléru. A ó máa yọjú wò ó láti ojú ihò kékeré. Bí okùn náà bá ti tẹ̀ba díẹ̀ ní àárín, bí ọmọdé tó ń kí àgbà, a mọ̀ pé àwọn tó kù ti ṣe tán. Tí ara mi kò bá gbà á mọ́, tí mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn kí okùn tó tẹ̀, Ọ̀gá á ní, "Sànnù-sànnù, Àbẹ̀ní." Díẹ̀díẹ̀ ló ń wí; èdè Hausa ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu tí inú bá ń bí i. Nígbà ọyẹ́ ló máa ń le jù, torí gíláàsì máa ń tutù bí omi odò ní òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà nìkan sì tó láti ba iṣẹ́ odindi ọjọ́ jẹ́. Mo ti rí i tó mú ohun tí Ráfíù fi gbogbo ọ̀sán ṣe, tó sì là á mọ́lẹ̀, kìkì nítorí ó fura pé kò gbóná tó kó tó bọ́ sínú iná.

Ráfíù ni ẹni tí a jọ ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ Èsìẹ́ ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá ju tèmi lọ. Òfin Ọ̀gá ni pé ẹni tó wà lẹ́nu iná kì í kí ẹnikẹ́ni, kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Òfin yìí rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ibi tí a ti wá, ẹ mọ bí a ṣe tọ́ wa.

Ọjọ́ ọyẹ́ kan ni ẹ̀gbọ́n bàbá Ráfíù, ìjòyè pàtàkì, yà wá wò. Ìgò ẹlẹ́nu púpọ̀ kan wà lọ́wọ́ Ráfíù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìléru jáde. Ọ̀gá wà lẹ́yìnkùlé. Ráfíù gbójú sókè, ó rí ẹni tó wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó na ọwọ́ kan sókè, ó gbé ìgò náà dání kó má bàa kan ilẹ̀. Ó tún ṣí awò dúdú tí a fi ń wo iná kúrò lójú, nítorí ta ló máa fi awò dúdú kí bàbá rẹ̀? Èmi wà nídìí ìléru, mo ń wò ó, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dìde, atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà ti fẹ́ sí ìgò náà. Kò dá a padà sínú ìléru. Ó gbé e tààrà sẹ́nu iná, awò ṣì wà lórí irun rẹ̀. Ó fọ́, ìró rẹ̀ kò pọ̀. Ojú òsì Ráfíù ló lọ sí i.

Ráfíù kò fi wá sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ohun tí a ti ṣe lọ fún àwọn tó ni ín, òun ló sì ń pààrọ̀ ìgò gáàsì. Kò sunkún lójú wa rí. Èmi ni mo ń sunkún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù iná débi pé mo sọ fún bàbá mi pé n kò ṣe mọ́. Bàbá mi ní kí n lọ sọ ọ́ fún Ọ̀gá fúnra mi. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n kò lè sọ ọ́.

Ọ̀gá náà dàgbà lójijì nínú oṣù yẹn. Ó sọ fún wa pé òfin òun kò pé, pé òun gba ìkíni lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá láìfún un ní nǹkan kan dípò. Ó wá gbé òmíràn kalẹ̀. Ẹni tó bá wọlé nígbà tí a wà lẹ́nu iná, a jẹ ẹ́ ní gbèsè ìkíni. Tí iṣẹ́ bá parí, a ó wẹ ọwọ́, a ó lọ sí ilé onítọ̀hún kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó sì kúnlẹ̀ tàbí kí a dọ̀bálẹ̀ kí a fi san án. Ó kéde rẹ̀ ní ààfin, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Ìlú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ́ wọn lára. Mo lè máa lọ lọ́nà kí ìyá kan ké sí mi láti ọ̀ọ́dẹ̀ pé, "Àbẹ̀ní, o jẹ mí ní ẹ káàárọ̀ àná o." Mo máa ń kúnlẹ̀ fún wọn níbẹ̀ náà.

Ìgbà yẹn ni Débọ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni, ọmọ Ìsánlú-Ìsin. Ó ń kó ohun tó bá fọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá fún wa láti tún ṣe, mo sì ṣàkíyèsí pé nǹkan ilé-ẹ̀kọ́ náà ń fọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò fẹ́ fi èyí gbà yín lákòókò. A fẹ́ràn ara wa, àwọn ará ilé méjèèjì gbọ́, ó wá ku kí ìyá rẹ̀ rí mi.

Wọn kò sọ ọjọ́ tí ìyá máa wá. Ọ̀gá ti lọ sí Ìlọrin, Ráfíù ti gbé ẹrù jáde, èmi nìkan ni mo wà nínú ilé iṣẹ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni àgbá gíláàsì gígùn tí ooru omi ń gba inú rẹ̀ kọjá kó tó di omi mímọ́, ti ilé ìwòsàn ìjọ. Ó ti sán, kò sì sí òmíràn. Títí tí a ó fi tún un ṣe, wọn kò ní omi tí wọ́n máa fà sí ẹnikẹ́ni lára. Láti òwúrọ̀ ni mo ti gbé e sínú ìléru, okùn ti tẹ̀, mo ti gbé e jáde, ojú ibi tó sán ti ń rọ̀ lẹ́nu iná.

Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

N kò dáhùn. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn, ti ọ̀dọ́mọbìnrin, rọra sọ pé, "Ìyá Débọ̀ ni wọ́n o."

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Orúnkún mi fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣẹ́, nítorí gbogbo ara obìnrin tí a kọ́ ni ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé tí n kò bá kúnlẹ̀, mo lè pàdánù ọkọ. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá kúnlẹ̀, àgbá náà lọ, bóyá pẹ̀lú ojú mi. N kò yíjú. Mo ń yí àgbá náà lẹ́nu iná, mo ń yí i, títí mo fi gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń jáde lọ.

Àgbá náà dára. Ráfíù gbé e lọ fún wọn ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kejì náà ni èmi àti Ọ̀gá wọ mọ́tò lọ sí Ìsánlú-Ìsin láti lọ san gbèsè. Amọ̀kòkò ni Ìyá Débọ̀, a bá a tó ń fi èèpo igi dán ara ìkòkò tútù. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kí i. Ọ̀gá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná, ó ṣàlàyé ìléru, ó mẹ́nu ba ojú Ráfíù. Ìyá ń dán ìkòkò rẹ̀ lọ. Nígbà tó dán an tán, ó mú òmíràn. Ó wá sọ fún Ọ̀gá láìwo ọ̀dọ̀ mi pé, "Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́, bàbá. Ẹ má bínú, n kò lè dáhùn."

Débọ̀ gbé mi níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Òmù-Àrán. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló wá dúró fún wọn, ìyá rẹ̀ kò wá. Gbogbo Kérésìmesì àti gbogbo Àjíǹde ni a ń lọ sí Ìsánlú-Ìsin. Mo ń kúnlẹ̀, ìyá á sì yára mú nǹkan dání. Bí kò bá sí ìkòkò nítòsí, á mú ẹ̀gúsí, á máa bó o. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ mi, ó ń pọ̀n wọ́n, ó ń fún wọn ní ẹran. Èmi ni kò rí. Débọ̀ máa ń ní kí n má kà á sí. Ó dùn mí ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí lọ, nítorí ìyá tèmi ti kú kí n tó lọ́kọ.

Àkókò wá yí padà. Ọ̀pá gíláàsì tí ń ti òkè òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, ìjọba ń yí, owó ń yí. Irin tó ń gbóná nínú ìléru jó, kò sí ibi tí a ti lè rí òmíràn rà. Iná ìjọba wà lónìí, kò sí lọ́la, ìléru sì nìyí, kò gbọdọ̀ tutù láàárín iṣẹ́. Ó ti ń rẹ Ọ̀gá. Ó ní a ó fi amọ̀ kọ́ ìléru tiwa, a ó sì máa fi èésan, èèpo èkùrọ́, dáná sí i. Ó gbìyànjú ọ̀kan fúnra rẹ̀, ó là sí méjì. Ó kọ́ òmíràn, ìyẹn náà là. Ó wá bi mí ta ló mọ amọ̀ jù ní gbogbo agbègbè wa. N kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n irọ́ kò sí nínú rẹ̀: ìyá ọkọ mi ni.

Ọ̀gá nìkan ló lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá gbà, ó wá sí Òmù-Àrán, ilé ọmọ rẹ̀ ló sì dé sí, èyí tí í ṣe ilé mi. Oúnjẹ mi ló ń jẹ. Tí ó bá fẹ́ nǹkan, ọmọ ló máa rán sí mi. "Lọ sọ fún ìyá rẹ pé iyọ̀ ọbẹ̀ àná pọ̀." Èmi náà á rán ọmọ padà pé, "Lọ sọ fún Màámá pé mo ti gbọ́." Àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀ púpọ̀.

Ní ilé iṣẹ́, ó gún àpáàdì lúbúlúbú, ó pò ó mọ́ amọ̀, ó mọ ìléru náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ilé ìwòsàn ti ń ránṣẹ́ sí wa, Ọ̀gá fẹ́ kí a tètè dáná sí i. Ìyá kọ̀. Ó ní bí ara ohun tútù bá rí iná lójijì, kò sí ẹni tó máa bá wa kó o nílẹ̀. Ọ̀gá wò mí, mo wo Ọ̀gá. A dúró títí amọ̀ fi gbẹ dáadáa, ó sì fúnra rẹ̀ fi koríko díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iná rẹ̀.

Ìléru Ìyá yẹn ni mo lò títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá kú, mo gba ilé iṣẹ́ náà, mo kọ́ àwọn kan, wọ́n lọ sí àwọn yunifásítì, ọwọ́ wọn sì dára. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà dé. Omi tí wọ́n ń fà síni lára ń ti ilé iṣẹ́ ńlá wá nínú ọ̀rá, ilé-ẹ̀kọ́ sì ń ra ohun èlò tí kì í fọ́. N kò bínú sí i. Ohun tó dára fún aláìsàn dára. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí, kó mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ariwo, pé kò sì ní pọ̀ tó ti àtijọ́, pé yóò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí owó oṣù kò kà sí. Ohun tí ó gbà lọ́wọ́ mi ni mo ti ń sọ láti ìṣáájú. Ó ku bí mo ṣe rí i gbà padà.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi ìléru tí Ìyá mọ náà ṣiṣẹ́ ni, Ọ̀gá ṣì wà láyé. Amọ̀kòkò kì í fi ohun tó mọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí iná bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ gidi, nítorí náà Ìyá jókòó sórí pákó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ni mo tò sínú rẹ̀. Mo ń yọjú wo okùn. Ó tẹ̀, mo wọ awò mi, mo gbé gíláàsì jáde, mo gbé e lọ sẹ́nu iná. Láti ìgbà yẹn n kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi mọ́. Iṣẹ́ náà le, ẹsẹ̀ mi kú, apá mi ń ro mí. Nígbà tí mo parí, mo dá a padà sínú ìléru, mo fi amọ̀ rẹ́ ẹnu rẹ̀, mo ṣí awò, mo yíjú. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí pákó.

Mo bi Ráfíù bóyá mo tún ti ṣẹ Ìyá.

Ráfíù ní, "Wọ́n ti wọ mọ́tò lọ sí Ìsánlú. Wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ, wọ́n kí ọ. O ò dáhùn. Wọ́n dúró pẹ́, wọ́n ń wò ọ́. Wọ́n ní kí n má pè ọ́, pé nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé gbèsè wọn lọ́wọ́ rẹ ti di méjì báyìí, ti ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ti òní."

N kò bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo wọ mọ́tò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé Ìsánlú-Ìsin, oòrùn ń lọ sílẹ̀, Ìyá sì wà níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tútù kan lórí itan. Ó rí mi tí mò ń bọ̀. Ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan, òfìfo.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ilé, mà."

Ó ní, "Káàbọ̀, ìyàwó mi. Dìde. Ó ku ọ̀kan."

Mo dìde, mo sì tún kúnlẹ̀.